Wákàtí Mẹ́fà Láti Lọ́ńdọ̀nù

"Sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní kí Ṣèyí wọ ọkọ̀ òfuurufú alẹ́ òní. Màmá rẹ ò ní ọjọ́ púpọ̀ mọ́."

Lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ní Enugu ni bàbá Folúkẹ́ ti sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kí aláìsàn má baà gbọ́. Folúkẹ́ kọrí sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, níbi tí wọ́n ti ń pe òkè òkun. Ọmọ náà mọ Jọ́gíráfì bí ẹni mowó. Ó ti fi rúlà wọn ọ̀nà yẹn lórí máàpù rí: Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, wákàtí mẹ́fà péré lófuurufú. Kí ló wá ń lé e?

Bó ṣe dé àdúgbò Obiagu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Helen ń juwọ́ sí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fídíò nílé wọn, àwọn ọmọ kíláàsì sì ti kún pálọ̀.

"Folúkẹ́, come now! Fíìmù don start o!"

"Wọ́n rán mi níṣẹ́."

"Na only one. E no go tey."

Folúkẹ́ wọlé. Fíìmù kan di méjì. Nígbà tó fi dé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà á láti sọ òótọ́.

"Mo bá a sọ̀rọ̀, Dádì. Ó ti ń bọ̀."

Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó dìde jókòó. Ó ní kí wọ́n bá òun we gèlè, kí ọmọ òun má baà bá òun bí aláìsàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Folúkẹ́ tó pe Ṣèyí. Ọkọ̀ ọjọ́ náà ti kún, àfi ti ọ̀la. Nígbà tí Ṣèyí sì dé Èkó, kò rí ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Enugu, ló bá gba ojú títì, ó di Benin, ó di Onitsha. Ìyá ń retí. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn, Ṣèyí ló ń pè é.

"Folúkẹ́, ṣebí o ní ó ti ń bọ̀?"

"Ó ti ń bọ̀, Mọ́mì."

"Ọ̀nà yìí mà jìn o."

Ìyá kú láàárọ̀ ọjọ́ tí Ṣèyí wọlé nírọ̀lẹ́.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ò tètè pè mí?" Ṣèyí ń sunkún bí ọmọdé. "Ká ní ẹ pè mí lọ́jọ́ tó ṣáájú ni, ǹ bá bá wọn láyé!"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Folúkẹ́ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nà án, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Tẹlifóònù wà nílé ọ̀gá mi ní GRA," ni bàbá rẹ̀ wí níkẹyìn. "Ojú ló ń tì mí láti lọ yọ ọ́ lẹ́nu. Ká ní o sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé o ò rí i pè, ǹ bá sáré lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a rán níṣẹ́ kánjúkánjú kì í yà sílé ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, nígbà tí ẹlòmíràn ṣì lè bá yín tún un ṣe. Folúkẹ́ sọ tirẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.