Àtùpà Tí Màmá Kọ́kọ́ Ń Tàn

"Títí ẹ ó fi rí ọmọ-ọmọ yín, gbogbo ayé ni yóò máa wá ra epo ilẹ̀ wa."

Ohun tí olùkọ́ sọ fún kíláàsì Morádéún láàárọ̀ nìyẹn. Nígbà tó délé ní Olódì-Àpápá, òfìfo ni dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì tí ìyá rẹ̀ ń tà. Ọdún 1975 ni. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé epo rọ̀bì lọ sókè òkun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fọ̀ di kẹrosíìnì nílé kò tó wa dáná. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sú ni.

"Bí a ò bá rọ́jà tà lọ́sẹ̀ yìí, wàá fi ilé-ìwé sílẹ̀ ná," ìyá rẹ̀ wí. Kò pariwo, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fún un lówó pé kó lọ wá kẹrosíìnì wá.

Ìdánwò àṣekágbá kù díẹ̀. Ní Malu Road, Morádéún bá Linus, mótò-bọ́ì ọkọ̀ táńkà, pàdé.

"Sister, kẹrosíìnì dey," Linus wí. "Pẹtiróòlù la kọ́kọ́ gbé, a ò nu ìsàlẹ̀ táńkà gbẹ. Ó pò mọ́ ọn díẹ̀, but nobody go know."

Morádéún gbóòórùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ewu ni. Ó rántí ìdánwò, ó sanwó, ó gbé garawa kẹrosíìnì kan relé.

Ìyá rẹ̀ kì í ta kẹrosíìnì tuntun láìkọ́kọ́ fi tan àtùpà tirẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Láti kékeré ni Morádéún ti mọ àṣà yìí, àmọ́ kò rántí àfìgbà tí ìyá rẹ̀ mú ìṣáná. Màmá Onome, aládùúgbò wọn, ti dúró pẹ̀lú ìgò.

"Màámi..."

"Kí ni?"

Bó bá sọ ọ́, ilé-ìwé tán.

"Kò sí nǹkan, mà."

Ìyá rẹ̀ ṣá ìṣáná. Àtùpà bú gbàmù.

Màmá Onome ló sáré da yẹ̀pẹ̀ pa iná náà. "Morádéún, you know say e get petrol?" ló bi í.

"Mo mọ̀, mà."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì tí iná ti jó síwájú. Morádéún wá ẹkún tì.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ìdánwò, ó jókòó nílé, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, nítorí báńdéèjì ló wà lọ́wọ́ ìyá náà méjèèjì. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó mọ ewu, tó sì dákẹ́, òun náà ló ṣá ìṣáná.

"Ká ní o sọ ọ́ ni," ìyá rẹ̀ wí, "ọjà nìkan là bá pàdánù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Morádéún dáhùn, ó sì tún bu ẹ̀kọ.