Ẹ̀jẹ̀ Ni Kí Ẹ Kà

Rájí jí láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, ó fọ ẹnu, ó gbé àdá, ó lọ sóko. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Kò ṣàìsàn, ejò kò bù ú jẹ. Ó kàn jókòó sí ìdí ẹ̀gẹ́ tó ń hú lọ́wọ́ ni, kò sì dìde mọ́. Bí ẹni tí kò ṣàìsàn bá kú báyìí, àwọn ará Ọjà-Ọ̀dàn kì í pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó pa á.

Sàlímọ́tù, opó rẹ̀, ni wọ́n mọ̀. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, inú Sàlímọ́tù ń wú lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ni egungun ọrùn rẹ̀ ń yọ síta. Lóru, òógùn á bò ó títí ẹní rẹ̀ á fi tutù rinrin, á sì jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn lábẹ́ igi ọsàn. Aládùúgbò rí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, òwìwí ké lórí igi náà. Ó parí! Ìpàdé àjẹ́ ló ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ Rájí ló mu, ibi tó kó o pamọ́ sí ló ń wú yẹn.

"Kà!" Ọdẹkúnlé, ẹ̀gbọ́n Rájí, jágbe mọ́ ọn lójú ẹbí. "Kà bòròbòrò, ká gbọ́ bí o ṣe pa á!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ o," ni Sàlímọ́tù wí. Òótọ́ ni, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dorí kodò. "N ò ní kà. Nọ́ọ̀sì Ìdùnnúolúwa tẹ inú mi wò, ó ní inú ẹ̀jẹ̀ mi ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kà."

"Àjẹ́ wo ló ń fẹ́ kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ tó mu?"

Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyá Rájí, kò wo ojú rẹ̀. "Títí di Jímọ̀, Sàlímọ́tù. Bí o ò bá kà, kó ẹrù rẹ."

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí àìsàn bá dojú rú fún á sọdá sí ọsibítù níhà Kútọnu. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ti bọ́dà pa. Abẹ́òkúta ló kù, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ wà, bẹntiróò sì ti di wúrà ní gbogbo ẹ̀bá bọ́dà. Ọdẹkúnlé ní ọ̀kadà, ó sì ní kẹ́ẹ̀gì epo kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ò lè fi epo òun gbé àjẹ́. Ni opó tí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ bá dá fẹsẹ̀ rìn dé títì, ó bẹ ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan, ó gun òkè ẹ̀gẹ́ jókòó. Ẹ̀rù ikú ń bà á gan-an. Ti Ọdẹkúnlé ni kò bà á.

Lọ́nà Ìlaròó, aṣọ́bodè kan dá wọn dúró. Nígbà náà, àwọn obìnrin ń di ìrẹsì fàyàwọ́ mọ́nú bí oyún.

"Màmá, kí lẹ dì mọ́nú yẹn? Ìrẹsì ni, àbí?"

"Na ọwọ́ rẹ síbí. Bó bá jẹ́ ìrẹsì, gbé e lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, gbé e lọ!"

Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ le bí ọmọ ọlọ. Ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì gbé igi ojú ọ̀nà sókè. "Ẹ máa lọ, Màmá. Ọlọ́run á wò yín sàn." Sàlímọ́tù bú sẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Rájí ti kú.

Ọ̀sán Jímọ̀ ló padà dé. Ẹbí ti pé síwájú ilé.

"Ó ti dé," ni Ọdẹkúnlé wí. "Ó ti ṣe tán láti kà."

"Mo ti ṣe tán." Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tú ìwé kan tó dì sí etí ìró. Dókítà ti kọ ọ́ ní Yorùbá sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún un. "Ẹ fetí sílẹ̀, mo ń kà. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín kan, hóró ẹ̀jẹ̀ tó funfun níbẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bí ẹgbàárùn-ún lọ. Tèmi jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Rájí ló wà nínú mi, ẹ̀jẹ̀ tèmi ló ń bí sí i tí kò dáwọ́ dúró. Oògùn rẹ̀ wà, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Bí mo bá ń lò ó, mo lè rí ọmọ ọmọ. Bí n ò bá rí i lò, ẹ ó sin èmi náà, ẹ ó sì wá ẹlòmíì tẹ́ ẹ máa ní kó kà."

"Ìwé lásán—" Ọdẹkúnlé bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi na ọwọ́ dá a dúró. "Rájí ńkọ́? Kí ló pa ọmọ mi?"

Ì bá rọrùn fún Sàlímọ́tù láti purọ́. "N ò mọ̀, Ìyá. Kò sẹ́ni tó ka ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ẹ sin ín tán, ojú mi lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò."

Ìyá àgbà fi etí ìró nu ojú. Ó sunkún díẹ̀, ó sì yíjú sí Ọdẹkúnlé.

"Ọdẹkúnlé, gbé kẹ́ẹ̀gì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ jáde."

"Ìyá, epo yẹn—"

"Mo ní gbé e jáde. Ìyàwó wa ń lọ gba oògùn lọ́la, ìwọ lo sì máa gbé e."

Ọdẹkúnlé dìde, ó ń kùn. Sàlímọ́tù pè é padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọ ọ́ kó tó àlọ àti àbọ̀ o. Mò ń padà bọ̀."