Ohun Tí Kasem Rí Nínú Àwo Ẹ̀jẹ̀

"Má sọ ọ́ sí mi létí, jọ̀ọ́! Ojú tèmi ni mo fẹ́ fi rí i."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Kasem bá Malinee sọ nìyẹn, ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní ìlú Khon Kaen. Inú bí Malinee. Ta leléyìí ń jágbe mọ́? Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ni: èèyàn méjì ló ń wo àwo oníhò wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bu ẹ̀jẹ̀ sí, ẹnìkan ò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó rí fún èkejì. Tí wọ́n bá gbé àwo náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omijé, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn ti ṣiṣẹ́, ara ti ní sójà. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, òfo ni.

Nídìí àwo, wọ́n á panu mọ́. Nídìí abọ́ núdù tí wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, wọ́n á máa rojọ́ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ibẹ̀ nìfẹ́ ti wọlé.

Ìgbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣègbéyàwó, ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó tó gba abẹ́rẹ́ náà dé. Malinee rí i pẹrẹsẹ. Kasem ní òun rí i tó ń ṣàn! Dókítà Wichai, ọ̀gá wọn, tó ti ń fọ́nnu kiri pé abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, gba ti Kasem kíá. Òun náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá Kasem.

"Kasem, wò mí lójú. Ṣé ó ṣàn?"

"Olólùfẹ́ mi, òun ló tọ́ mi. Òun ló máa ṣáájú mi wá sílé yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kí n wá pè é lónírọ́?"

"Ìyá àgbà mi gba abẹ́rẹ́ yẹn! Ẹ ní ara wọn ti le. Tí ọ̀fìnkìn bá pa wọ́n ńkọ́?"

Nígbà tí ìyá Malinee gbọ́, ó ní, "A ti pe àlejò. Má dójú tì wá o."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n fi ìlù sin ọkọ wá, Wichai ló ṣáájú bí àgbà ọkọ, pẹ̀lú àwo òdòdó lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó na ẹ̀wọ̀n wúrà dí ẹnu ọ̀nà bí ìṣe wọn, wọ́n ń bi Kasem ní ìbéèrè ẹ̀fẹ̀ kó tó lè wọlé. Malinee jáde, ó gba ẹ̀wọ̀n náà lọ́wọ́ wọn.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó yẹn, kí lojú rẹ rí?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn.

"Ìsọkúsọ wo nìyí?" Wichai jágbe. "Kasem, jẹ́ ká lọ!"

Kasem wo ẹni tó tọ́ ọ, ó wo Malinee.

"Ó tẹ́ pẹrẹsẹ," ó ní. "Mo purọ́. Màá sì sọ ọ́ níbi iṣẹ́."

Wichai la àwo òdòdó mọ́lẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kasem wá dúró láìní àgbà kankan níwájú.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ gan-an ni o," Malinee wí. Ó wá ju ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀ kí ọ̀nà lè ṣí.

Ìyá àgbà Malinee ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ṣa òdòdó nílẹ̀, tó sì ṣáájú ọkọ wọlé.