Ẹni Tí Kò Fọwọ́ Kan Òkú

Àìsàn Alápatà kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tó fi kú. Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń gba èrìgì rẹ̀ jáde, ó ń gba ojú rẹ̀, ó sì ń gba ojú ibi tí wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́. Ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé itan màlúù kọ́, òun ló ń ké bí ọmọ ọwọ́ lórí ẹní. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dákẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ lójú! Ṣé báyìí lèèyàn ṣe ń kú?" Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀, ń pariwo káàkiri àgbàlá. "Ẹnì kan nínú ilé yìí ló mu ún gbẹ!"

Lórí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, àwọn àdán dorí kodò, wọ́n rọ̀ dirodiro bí àkísà dúdú tí ẹnì kan sá tí kò padà wá ká.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí wọn, ní kí àwọn obìnrin ilé wá wẹ òkú. Mẹ́ta ni wọ́n: ìyàwó Alápatà fúnra rẹ̀, Onídìrí, àbúrò òkú lóbìnrin, àti Aránṣọ, ìyàwó Káfíńtà, tí í ṣe ọmọkùnrin kejì. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n po ọṣẹ, gèlè orí wọn ni wọ́n sì fi ń nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fẹnu kò ó níwájú orí.

Aránṣọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ti gun ìka rẹ̀ ní àgúnyọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń rin lára àkísà tó fi wé e.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ṣí. Ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ lára bùọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n máa pọnmi fún wọn."

"Ọwọ́ rẹ ṣí!" Onídìrí fi ojú wọ̀n ọ́n láti òkè délẹ̀. "Ẹran tó ń gé fún ọ jẹ ńkọ́, ẹnu rẹ ò ṣí nígbà yẹn? Má-fọwọ́-kàn-mí! Máa wòran ẹ lọ."

Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí Alápatà kú, ibà mú Onídìrí nídìí orí tó ń dì. Ó bì, ó yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó kú. Ìyàwó Alápatà ló tún wẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó kó erùpẹ̀ bò ó tán, ibà ti mú ìyàwó Alápatà, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin tó ń pọnmi ò mọ̀ pé Aránṣọ wà lẹ́yìn ògiri.

"Ẹ̀yin ò lójú ni? Gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan òkú ló ń lọ. Òun nìkan tí kò fọwọ́ kàn án ló ń dán."

"Ó mọ ohun tó fi síbẹ̀ ni."

"Àti àwọn àdán ẹ̀yìn ilé yẹn, ẹyẹ rẹ̀ ni wọ́n. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, wọ́n ń lọ ìpàdé."

"Ìpàdé àdán! Àbí ìwọ ni akọ̀wé wọn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aránṣọ yọ sí wọn, ẹ̀rín gbẹ. Ó pọnmi tirẹ̀ tán, kò sì sí ẹni tó gbé garawa síbi tó ti gbé tirẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ Ajé, Nọ́ọ̀sì wá láti ilé ìwòsàn. Kò wọlé, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ló dúró sí tó ń kígbe.

"Ẹ̀bólà ni! Òkú ọ̀bọ tí Alápatà rí nínú igbó tó wá kùn, ibẹ̀ ló ti kó o. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, èébì rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, òógùn rẹ̀. Òkú ló wá burú jù! Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé aláìsàn yẹn lọ, ká lè tọ́jú ẹ̀!"

"Ẹ fẹ́ lọ gé ẹ̀yà ara ẹ̀ tà ni!" Wẹ́dà ju irin lu dígí mọ́tò. Dígí fọ́ sí dírẹ́bà lójú, ẹ̀jẹ̀ bò ó, mọ́tò sì fi ẹ̀yìn sáré jáde. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò pàtẹ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Láti ọjọ́ náà, òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ó fi bó, ó sì bẹ ọkọ rẹ̀ kó má ṣe wọ yàrá aláìsàn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyàwó Alápatà kú. Oòrùn ò tíì mú nígbà tí Wẹ́dà kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sẹ́yìn, tó gbé òòlù ńlá wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ fọ́. Ìgbà kejì tí òòlù lọ sókè, Káfíńtà bọ́ sáàárín.

"Wẹ́dà, ìyàwó mi nìyí o! Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ!"

Wẹ́dà fi orí kàn án nímú. Imú fọ́. Káfíńtà ṣubú, ó dìde, ó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ wo akọni! Ó ti sá fún un!" Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè.

Wọ́n já ọmọ gbà lẹ́yìn Aránṣọ. Wẹ́dà di irun rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ lórí òkúta wẹẹrẹ títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá òkú, ẹsẹ̀ ń bọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́nu, níkùn. Eyín iwájú rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Táyà ti wà nílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ọmọ dání. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò lómi mọ́.

"Wẹ ìyálé rẹ. Tí kì í bá ṣe ìwọ lò ń pa wọ́n, wẹ̀ ẹ́ bí àwọn yòókù ṣe wẹ ọkọ ẹ̀. Tí o bá wẹ̀ ẹ́ tán, màá gbé ọmọ rẹ fún ọ."

"Màmá, tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tí mo fún ọmọ yìí lọ́mú, àwa méjèèjì lẹ máa sin."

"Ẹ gbọ́! Ó ti jẹ́wọ́!" Wẹ́dà da pẹtiróòlù lé e lórí. "Wẹ̀ ẹ́, àbí kí n ṣáná sí ọ."

Ojú ń ta Aránṣọ, kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ ń ké. Ó na ọwọ́, ó fa garawa mọ́ra, ó sì dìde lórí eékún.

"Ó dáa, màá wẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi, ẹ bá mi gbé orí wọn sókè. Ẹ kàn gbé e lásán, kí n ráyè fi ọṣẹ sí i."

Wẹ́dà kò mira.

"Ọwọ́ yín ni mo wà. Mi ò lè sá. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń pa èèyàn, kí ni òkú lè fi yín ṣe? Ẹ wá gbé e."

Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ?" Ẹni tó ta á nípàá níkùn fà sẹ́yìn. Àwọn tó kù ń wolẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà?"

Ìyá Àgbà di ọmọ náà mọ́ àyà, ó fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ méjì.

"Ẹ mọ̀," ni Aránṣọ wí. "Gbogbo yín lẹ mọ̀."

"Pa ẹnu ẹ dé!" Òòlù sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ gbọ́ bí egungun apá rẹ̀ ṣe dún kó tó mọ̀ pé tòun ni. Ó ṣubú síta ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà tún gbé òòlù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan ti gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù dúró, ó sì dé e.

Ibẹ̀ ni mọ́tò Nọ́ọ̀sì bá wọn. Káfíńtà ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn mẹ́rin tẹ̀ lé e, wọ́n wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó ju òkò.

Nọ́ọ̀sì dúró lókèèrè. "Ta ló fọwọ́ kan ìyá yìí láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn? Mi ò wá mú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mọ́kànlélógún péré la máa fi ṣọ́ yín. Kódà tí ibà bá mú èèyàn, tó bá tètè wá, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yè é."

Òòlù jábọ́.

"Èmi ni." Ohùn Wẹ́dà ti kéré. "Ìjẹta, ó ṣubú lọ́nà ilé ìwẹ̀, mo gbé e. Ó bì sí mi láyà. Mo ti wẹ̀, mo wẹ̀, mo wẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tó ṣẹ́ lápá, kò sún mọ́ ọn. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́. Gbà pé ìwọ ni. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, mo lè pa ọ́, kí n yè. Èyí tí wọ́n ń sọ yìí, ta ni mo fẹ́ pa?"

Pẹtiróòlù ń kán láti irun Aránṣọ sórí apá tó dá.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, ọkọ mi, ǹ bá ti tú yín sílẹ̀."

Wẹ́dà dìde. Àwọn èèyàn là fún un. Òun nìkan ló rìn lọ sídìí mọ́tò, ó na ọwọ́ méjèèjì jìnnà sí ara rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo ilé tó fọwọ́ kàn án.