Ohùn Tó Pẹ́ Lójú Ọ̀nà

Kí ẹlòmíràn tó dójú tì mí, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Ìyá arúgbó kan ń bọ̀ nínú ìtàn yìí tó pariwo olè níbi tí olè kò sí, tó sì fi ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ ká níṣojú ìlú. Èmi ni. Ṣùgbọ́n Màmá ni n ó máa pè é títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí n lè ráyè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Ẹsẹ̀ ni ọmọ Màmá kọ́kọ́ rí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni ọmọ náà, òun ló máa ń jí ìlú láràárọ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, kò níyàwó, ohùn rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi máa ń rò pé ó ga ju bó ṣe ga lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, yàrá kótópó tí wọ́n lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri rẹ̀ kí ohùn má baà máa ró, ó sì bá ẹsẹ̀ méjì tó yọ jáde lábẹ́ tábìlì. Ìbọ̀sẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, àtàǹpàkò kan sì ti gba ojú ihò yọjú síta, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

“Àtàǹpàkò, ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí.

“Ó ní ẹ kú àárọ̀,” ni ohùn obìnrin kan dáhùn láti ìsàlẹ̀. “Ó tún ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má tẹ wáyà òun.”

Nígbà tí obìnrin náà jáde, eruku bo irun rẹ̀, ó fi eyín di wáyà pupa kan mú, ojú rẹ̀ sì ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó ráyè. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fa àga láìgbé ojú kúrò lára obìnrin náà. Ó jókòó, ó gbàgbé pé ó yẹ kí òun kí ìlú. Rédíò dákẹ́ rọ́rọ́, Màmá nílé sì gbá tirẹ̀ létí, ó rò pé bátìrì ló tán.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò náà ló gbé obìnrin náà wá, Oníwáyà ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò ra rédíò mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ orin, àwọn tó ń polówó ọjà sì ti ń bá wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀gá sọ ọ́ gbangba pé bí òjò ọdún náà bá dá, tí àwọn èèyàn kò sì tíì máa gbọ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun yóò ti ilé iṣẹ́ náà pa, òun yóò sì sọ ilé náà di ibi ìkẹ́rù-sí. Iṣẹ́ Oníwáyà ni kó fa ohùn wọn dé orí fóònù.

Àyà Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń já. Ó bi Oníwáyà lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, nígbà tí ẹ̀rọ ti lè ṣa orin fúnra rẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ẹnu òun ṣe.

“Orin wà lọ́wọ́ gbogbo ayé,” ni obìnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹni tó máa sọ fún wọn pé òjò ń bọ̀, ẹ ká aṣọ yín, òun ni wọn kò ní.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tirẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ètò wẹ́wẹ́ kí ẹni tó ti lọ síbi iṣẹ́ lè gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ó ń ka ọ̀rọ̀ tí àwọn olùgbọ́ fi ránṣẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn: nọ́ọ̀sì kan lókè òkun, awakọ̀ kan tó ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀. Rédíò tí àwọn àgbà ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì wá ń gba èsì.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe é tún ṣe. Ohùn tó gba orí fóònù máa ń pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí rédíò bá sọ̀rọ̀, ó máa ń tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí fóònù tó sọ ọ́. Oníwáyà a fi rédíò sí etí kan, a fi fóònù sí ìkejì, a máa fi wọ́n wéra. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bi í pé èwo ló dùn jù.

“Èyí tó pẹ́,” ló dáhùn. “Mo ti mọ ohun tí o sọ nígbà yẹn, mo wá lè fara balẹ̀ gbọ́ bí o ṣe sọ ọ́.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ọkùnrin létí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ọkùnrin ń pè é ní Oníwáyà mi, obìnrin ń pè é ní Ẹnu Oyin. Gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀. Màmá nìkan ni wọn kò tíì sọ fún.

Màmá gan-an ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Ojú fèrèsé ló máa ń gbé rédíò rẹ̀ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ burúkú kan, ọmọ rẹ̀ kí ìlú, Màmá dáhùn bó ti máa ń dáhùn, ó fẹ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ni ó bá tún gbọ́ ohùn ọmọ náà, ìkíni kan náà, àní ikọ́ kan náà, láti inú fóònù aránṣọ tó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Màmá wo aránṣọ. Ó wo ògiri. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń sín ohùn èèyàn jẹ, tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó sì ti gbọ́ nípa ọmọbìnrin kan tó ń gbé àpò wáyà wọlé-jáde níbẹ̀. Ó ro ó pọ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó pe ètò náà, wọ́n sì fi í sórí afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ta ni kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá àgbà.

“Ọmọ mi, olè ti wọlé,” ni Màmá wí, gbogbo ìlú sì gbọ́. “Ọmọbìnrin oníwáyà yẹn ti jí ohùn rẹ. Bí o bá ti sọ̀rọ̀ tán, á dúró díẹ̀, á wá tún un sọ lẹ́yìn rẹ. Yẹ àpò rẹ̀ wò.”

Ká ní Màmá nìkan ló ṣìṣe ni, ọ̀rọ̀ ì bá fúyẹ́. Oníwáyà dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wo ẹnu ọkùnrin tó fẹ́ràn, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu yẹn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, ìlú bá a rẹ́rìn-ín, ó sì fi orin sí i. Nígbà tí orin fi máa tán, àpò wáyà kò sí nílẹ̀ mọ́.

Ohun tó tún wá dùn bí ọgbẹ́ ni pé àṣìṣe náà tún ilé iṣẹ́ ṣe. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ gbọ́ olè ohùn. Wọ́n ń gbé rédíò sápá kan, fóònù sápá kejì, wọ́n ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, títí olùgbọ́ orí fóònù fi pọ̀ débi tí Ọ̀gá kò dárúkọ ibi ìkẹ́rù-sí mọ́. Ṣùgbọ́n Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń kí ìlú bí ẹni tó ń kí ògiri. Oníwáyà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìparí òpópónà tí ilé iṣẹ́ rédíò náà wà, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, kò sì gbé ìpè ọkùnrin náà.

Aránṣọ ló la Màmá lójú. Nígbà tó yé e, ó jókòó gbì, ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún, ojú sì wá tì í. Ó gbé rédíò rẹ̀ sábẹ́ apá, ó di ṣọ́ọ̀bù Oníwáyà.

“Olè dé,” ló wí lẹ́nu ọ̀nà. “Ojúlówó olè. Èmi ni mo jí iyì rẹ.”

Oníwáyà fa àga fún un. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ kò mọ̀, òun kò bínú sí i. “Ẹni tó mọ̀ ni mò ń bínú sí, Màmá. Gbogbo ayé ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín ló fi rín.”

 Àmọ́ Màmá rí fóònù tó wà lórí tábìlì iṣẹ́, ohùn ọmọ rẹ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà lọ bá ọmọ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi iyọ̀ sí i. Ọmọ náà kò jiyàn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá tún padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní rédíò òun ń kùn, kí Oníwáyà bá òun wò ó. Irọ́ ni. Etí ló fi mọ́ ọn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fọwọ́ kàn án. Inú rẹ̀ ló ti gbọ́ ọmọ rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kò sẹ́ni tó jí ohùn òun. Ó ní obìnrin kan ló gbé ohùn náà dé ibi tí ẹsẹ̀ òun kò lè dé, òun sì fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kí òun gbèjà rẹ̀.

“Mo bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo yín, torí níṣojú gbogbo yín ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ fún un, n kò ní sọ ọ́ níbí. Èsì ni mo ń wá.” Ó sì fi orin tó gùn jù nílé iṣẹ́ sí i.

Màmá ti gbọ́. Oníwáyà tó ń fi fóònù gbọ́ kò tíì gbọ́. Màmá tí ọ̀rọ̀ kì í tutù lẹ́nu rẹ̀ láyé ní láti pa ẹnu mọ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ó gbé rédíò sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu, ó ranjú, ó ń jó níjòókòó bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Oníwáyà bi í pé kí ló dé. Màmá fi àgbọ̀n júwe fóònù.

Ohùn náà wá dé. Oníwáyà gbé irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà pọ̀ sílẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Kó tó nu ojú tán, ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ohùn dídùn yẹn ti há.

“Mo wá síbi tí kò sí makirofóònù,” ló wí. “Jọ̀ọ́, fẹ́ mi.”

“Mí ná, Ẹnu Oyin.”

“Mo ti mí.”

Oníwáyà ń wò ó. Lórí itan Màmá, orin tán, kẹ́kẹ́ pa mọ́ rédíò lẹ́nu. Lórí tábìlì, fóònù ṣì ń kọrin.

“Mo gbà,” ni Oníwáyà wí jẹ́jẹ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tì í síta. “Ó yá, sáré padà. Orin kò tíì tán lọ́dọ̀ àwọn ti orí fóònù.”

Màmá gbé rédíò rẹ̀ tó ti ya odi sókè.

“Àwa ti orí rédíò ńkọ́?”