Bí Usamah Ṣe Ń Lu Ẹsẹ Kẹta

Ọjọ́ kìíní tí Abena lu orin wa àtijọ́ ló ti ṣe àṣìṣe ẹ̀gbọ́n mi. Tí a bá dé ẹsẹ kẹta, Usamah ẹ̀gbọ́n mi a máa sáré nídìí ìlù bí ẹni tí ọkọ̀ tròtrò fẹ́ fi sílẹ̀, èmi tí mò ń ta gìtá béèsì a sì máa sáré tẹ̀ lé e. Àṣìṣe yẹn kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo fún Abena pé kó fi kọ́ orin náà, torí wọ́n ti tún un ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde. Abena kò sì rí Usamah rí. Ìlù ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lù ní Madina, ní Accra níbí, kí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì wa tó pè é, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ níbẹ̀ yẹn?" ni mo bi í.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀, Bra Abíọ́lá. Ó kàn ń lọ fúnra rẹ̀ ni." Bra ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Accra.

Mo rẹ́rìn-ín. Onílù tuntun tó mọ àléébù onílù àná, kí la tún ń wá?

Nígbà tí mo dé Nima nírọ̀lẹ́, Rasheedah, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti dúró dè mí lẹ́nu géètì.

"Bọ̀dá Onígìtá," ló rọra wí, "ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi mì lónìí. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ni."

Àkókò tí à ń lu orin náà gan-an nìyẹn.

Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí a bá fi orin àtijọ́ dánra wò. Orin tuntun kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Usamah di tẹ̀sùbáà mú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu oúnjẹ sẹ́nu, èmi àti Rasheedah sì sunkún ayọ̀. Mo bẹ Abena pé kó má yí ohunkóhun padà.

Lọ́jọ́ Àtàláátà, mo bá a lẹ́yìn ilé tí a ti ń dánra wò, ó ń fi ọwọ́ òsì jẹ kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń pọ́n. Ní Accra yìí, ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà, wọ́n á gbá a lọ́wọ́ ni. Ìtìjú mú un, ó fi ọwọ́ náà pamọ́.

"Mepa wo kyɛw, ẹ má bínú," ló wí. "Ọ̀tún yìí ò gbọ́ tèmi mọ́. Orin àtijọ́ yẹn nìkan ló ń jí i."

Mo ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, ó bá ti Usamah mu. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní bí iná bá jó ni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Èmi gbọn tèmi sára ọmọ ọlọ́mọ, mo sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́sàn-án Sátidé tí a fẹ́ ṣeré ní Madina, mo jẹ́wọ́ fún un pé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kú ni ti ẹ̀gbọ́n mi ń jí.

"Láti ọjọ́ tí ẹ bá mi nídìí oúnjẹ lẹ ti mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ìlù ni mo fi ń jẹun, Bra Abíọ́lá."

Ojú tì mí. Mo ní kó lu ẹsẹ kẹta lọ́jọ́ yẹn bó ṣe ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó má sáré rárá.

Ẹsẹ kẹta dé. Ìlù Abena dúró ṣinṣin. Mo rántí ọwọ́ Usamah nínú àwo oúnjẹ, mo rántí ojú Rasheedah. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo di ojú, èmi nìkan sì sáré. Àwọn èrò ń hó, wọ́n rò pé mo ti gbàgbé orin. Òtútù gba ìka mi wọlé, ó sì rọra gun apá ọ̀tún mi títí dé ìgúnpá.

Nígbà tí mo padà dé Nima, orí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ni mo bá Usamah. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, kí á bọra wa lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Accra, ká ta ìka síra wa. Tèmi kò gbé. Usamah wo apá mi tó rọ̀ jọwọrọ, ó tẹ̀ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ mi. Ó gbìyànjú láti ta ìka, ìka tèmi kò dáhùn.

Omi lé sí i lójú. Ẹnu rẹ̀ là fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje.

"Abíọ́lá," ló wí, "gbà á padà."

Mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbà á padà.