Ta Ló Fa Tírélà Adékànmí Lọ?

Nígbà tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ìbídàpọ̀ dé àdúgbò kan ní Scarborough lókè òkun, òjò òru ti dá, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ṣì tutù, ojú ọ̀run sì wú bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Òun náà kò rí oorun sùn. Ó jókòó sínú mọ́tò díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, kó tó sọ̀kalẹ̀.

Ọkùnrin kan dúró níwájú ilé bíríkì pupa kan, káàdì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wo àyè tó ṣófo níwájú gáréèjì bí ìgbà tí èèyàn ń wo bẹ́ẹ̀dì tí olólùfẹ́ dìde kúrò lórí ẹ̀ láìdágbére.

"Ibẹ̀ ni mo fi í sí nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ lánàá," ló wí. "Mo dé láàárọ̀ yìí, mi ò bá a mọ́."

Adékànmí ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní North York, ṣífìtì alẹ́, subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ló sì máa ń wọ̀ lọ. Tírélà rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Kì í ṣe tírélà tí ń kó sìmẹ́ǹtì o. Ilé kékeré kan ni tí mọ́tò ń fà kiri, ara fáíbà, funfun, roboto, bí ẹyin tí wọ́n là sí méjì tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀ láàárín. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, àti sítóòfù, àti fíríìjì kékeré. Àwọn òyìnbó a máa fà á wọ inú igbó nígbà tí ooru bá dé, wọn a sì máa pe ìyà yẹn ní ìsinmi. Adékànmí ti kó àrùn náà lára wọn.

"Ó ti gbó nígbà tí mo rà á," ni Adékànmí wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ràn. "Omi ń jò wọlé lójú gbogbo ìṣó. Èmi àti Síkírù la yọ àwọn ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a dí ojú wọn, a pààrọ̀ rọ́bà fèrèsé, a fi gíríìsì sí béárìn taya, a sì pólíìṣì ara ẹ̀ títí tó fi ń dán bí àwo tuntun. Ọ̀la ló yẹ kí n fà á jáde. Mo ti tan fíríìjì ẹ̀ láti àná, mo ti kó oúnjẹ sí i."

"Irú oúnjẹ wo?"

"Omi, málíìtì, àti ayamáṣe. Èmi ni mo sè é, níta níbí. Èéfín epo tí wọ́n bá ń yọ́ a máa mú ìyàwó mi wúkọ́, kì í jẹ́ kí wọ́n sè é nínú ilé. Òun fúnra ẹ̀ kì í sè é rárá."

Ìbídàpọ̀ gbé itọ́ mì. Tíì lásán ló wà níkùn rẹ̀ láti àná. "Kámẹ́rà ojú ilẹ̀kùn yín ńkọ́?"

"Bátìrì ẹ̀ ti kú látìgbà òtútù. A ò tíì ráàyè pààrọ̀ ẹ̀."

"Ta lẹ wá fura sí?"

Adékànmí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Síkírù. Ó dùn mí láti sọ ọ́, sà. Àgádágodo wà lẹ́nu ibi tí a fi ń so ó mọ́ mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣì wà lórí ìṣó nílé ìdáná. Òun ló ní ìkejì. Ó sì ti bẹ̀ mí kí n tà á fún òun, mo kọ̀, a wá bá ara wa fa ọ̀rọ̀."

Ìbídàpọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ ibi tí tírélà náà wà. Ó tutù rinrin, kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wọ inú gáréèjì. Pákó tí Adékànmí máa ń fi sábẹ́ taya kí ilé náà lè dúró gbọọrọ ti lọ. Igi tí wọ́n fi ń dí taya ti lọ. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà náà ni ìyàwó jáde wá. Nọ́ọ̀sì ni Ọlárónkẹ́, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti fa ojú ẹ̀ wálẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun kò lè lọ síbi iṣẹ́.

"Mo gbọ́ ìró mọ́tò ní ìdájí," ló wí. "Mo rò pé takisí ló tètè gbé Kànmí dé."

"Ṣé òjò ṣì ń rọ̀ nígbà yẹn, mà?"

"Rárá, ó ti dá. Ìdí ẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ ketekete."

"Ẹ mọ inú tírélà yẹn dáadáa?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò fẹsẹ̀ kàn án rí. Ṣé mo fi Ìbàdàn sílẹ̀ kí n wá máa bá béárì sùn nínú igbó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìbídàpọ̀ wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe dúró, ó dà bí èèyàn méjì tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó mọ ìdúró yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni òun àti ìyàwó tirẹ̀ ṣe ń dúró nínú ilé láìpẹ́ yìí.

Abẹ́ mọ́tò oníbàárà kan ni Ìbídàpọ̀ ti bá Síkírù mẹkáníìkì, níbi tó ti ń yọ winter tyres, taya ìgbà òtútù. Ọmọkùnrin sísanra, aláwàdà, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ẹni tó dárúkọ òun, sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Kànmí? Bọ̀dá Kànmí tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n?"

"Níbo lẹ wà lálẹ́ àná?"

"Mo sùn, sà."

"Ta ló lè jẹ́rìí sí i?"

"Àpọ́n ni mí, ọ̀gá. Àfi tí ìrọ̀rí mi bá lè sọ̀rọ̀." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Ẹ wò ó, ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá so orúkọ mi mọ́ olè báyìí, ó parí nìyẹn. Ilé ni wọ́n máa dá mi padà sí. Ẹ ṣàánú mi, ẹ wá ẹni tó ṣe é."

Ìbídàpọ̀ ti ń lọ nígbà tí Síkírù tún pè é.

"Tí ẹ bá rí i, ẹ yẹ fíríìjì ẹ̀ wò. Tí wọ́n bá ti pa á, kò gbọdọ̀ wà ní títì. Kí wọ́n fi nǹkan há ilẹ̀kùn ẹ̀ kó ṣí sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rùn bí ibi tí eku kú sí."

Ìbídàpọ̀ dúró wò ó. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílùú, fíríìjì ló ń rò.

Ọ̀rọ̀ pákó yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó kó pákó àti rọ́bà omi kò gbé tírélà lọ tà. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ síbì kan ni, kó sì tọ́jú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń yá èèyàn ní ibùdó àgọ́ láàárín igbó, títí obìnrin òyìnbó kan tí ń jẹ́ Michelle fi dá a lóhùn láti ibùdó kan lẹ́yìn Bowmanville.

"Funfun kékeré yẹn? Ó wà níbí. Wọ́n san ti gbogbo ìgbà ooru lórúkọ ọ̀gbẹ́ni Adékànmí. Mo ti lọ sílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, mi ò rí ẹni tó gbé e."

Ó lọ síbẹ̀. Tírélà náà jókòó sábẹ́ igi bí àdàbà. Pákó wà lábẹ́ taya, igi dí i níwá lẹ́yìn, gáàsì wà ní pípa. Nínú ẹ̀, wọ́n ti kó gbogbo oúnjẹ kúrò nínú fíríìjì, wọ́n ká aṣọ ìnuwọ́ kékeré kan há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má bàa tì. Lórí pẹpẹ, ife kan. Ṣíbí kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí kan. Ìbídàpọ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó sì ń wo ìrọ̀rí náà títí fóònù rẹ̀ fi dún.

Ọ̀gá rẹ̀ ni. "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìjà wà láàárín wọn, ìka ọwọ́ ẹ̀ á sì wà níbi gbogbo lára ẹ̀. Kí lo tún ń wá? Fi ẹ̀sùn kan mẹkáníìkì yẹn lónìí, kí kálukú lè lọ lo ọlidé tó ń bọ̀ yìí."

"Ẹ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí," ni Ìbídàpọ̀ dáhùn.

Ó padà sí Scarborough láti sọ fún àwọn tó ni ín pé òun ti rí i. Adékànmí wà lókè, ó ń sun oorun àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ọlárónkẹ́ nìkan ló wà nílé ìdáná. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wo ojú ọlọ́pàá náà.

"Ẹ ò tíì jẹun látàárọ̀."

"Ẹ má ṣe ìyọnu, mà."

"Ìyọnu wo? Ojú yín ti sọ ọ́. Ẹ jókòó."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí fírísà ìsàlẹ̀ ilé, ó gbé abọ́ áísìkiriìmù kan bọ̀, ó gbé ohun tó wà nínú ẹ̀ gbóná. Ó fi ìrẹsì funfun sí àwo. Ìbídàpọ̀ fi ṣíbí kan sẹ́nu, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú omi. Ata tútù, irú, pọ̀nmọ́ tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ó tún bù ú. Lẹ́yìn náà ni ṣíbí dúró ní agbedeméjì àwo àti ẹnu.

"Ta ló se ọbẹ̀ yìí, mà?"

"Èmi ni," ni Ọlárónkẹ́ wí, ó ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ebi ń pa á lóòótọ́, ọbẹ̀ náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wúwo ju ikùn rẹ̀ lọ nígbà tó dìde.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn mẹ́rin dúró níwájú tírélà náà lẹ́yìn Bowmanville. Síkírù ti fọ ọwọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ẹjọ́.

"Kí la tún ń dúró dè?" ni Adékànmí bi í. "Tírélà nìyí, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìyí."

"Bọ̀dá Kànmí!" Ohùn Síkírù já. "Èmi tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ nǹkan yìí nínú òtútù nítorí yín?"

"Ọ́fíìsì wa náà ní kí n mú Síkírù lónìí," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Tí mo bá mú un, ìwé ẹ̀ bà jẹ́, ó di èrò Nàìjíríà. Mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Ọlárónkẹ́. "Mà, ẹ ní lẹ́yìn tí òjò dá lẹ gbọ́ ìró mọ́tò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ tírélà ì bá gbẹ, torí òun ni ì bá gba òjò. Ṣùgbọ́n ó tutù bíi ti gbogbo ọ̀nà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni tírélà ti kúrò níbẹ̀."

Ìbídàpọ̀ fi ẹsẹ̀ kan pákó abẹ́ taya.

"Ẹni tó fà á kò fọ́ gáréèjì. Ó kó pákó, ó kó rọ́bà omi. Ó pa fíríìjì, ó há ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa rùn. Ẹni tó fẹ́ kí nǹkan yìí wà láàyè ni."

"Ìyẹn ṣì lè jẹ́ Síkírù," ni Adékànmí wí.

"Ó lè jẹ́ òun. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi jẹ ìrẹsì."

"Ìrẹsì wo?"

"Ìrẹsì àti ayamáṣe. Nílé yín, nígbà tí ẹ ń sùn lọ́wọ́."

Atẹ́gùn kọjá láàárín igi. Adékànmí yí padà díẹ̀díẹ̀. "Rónkẹ́?"

"Ṣé kí n dà á nù ni?" ni obìnrin náà ké, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Odidi ọbẹ̀!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni. Mo fi jíìpù wa fà á wá síbí, mo sì sanwó ibí lórúkọ ẹ, kó o má bàa rí i fà lọ. Kọ́kọ́rọ́ ẹ ni mo lò, mo sì dá a padà sórí ìṣó. Ẹ má mú Síkírù. Mi ò mọ̀ pé òun lo máa dárúkọ."

"Ìwọ? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin méjèèjì. Láti ojú fèrèsé. Gbogbo ohun tó o ń sọ fún Síkírù nípa tírélà yìí ni mo gbọ́, Kànmí. Èmi nìkan ni o ò bá sọ ọ́."

"O ní o ò lè sùn nínú igbó."

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ṣàwàdà. O ò tún bi mí mọ́." Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn tírélà. "Lánàá, nígbà tó o lọ síbi iṣẹ́, mo wọ inú ẹ̀. Ife kan. Ṣíbí kan. Ìrọ̀rí kan. Kì í ṣe ẹni tó ń lọ sinmi ló ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́ níwájú ọlọ́pàá: ṣé o máa padà wá?"

Nígbà tí Adékànmí sọ̀rọ̀, agbára káká ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

"Mi ò mọ̀. Ó rẹ̀ mí, Rónkẹ́. Tí mo bá ń wọlé, ìwọ ń jáde. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kí ara wa bí àlejò. Mo rò pé tí mo bá lọ, o ò ní tètè mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Síkírù dá sí i, "ṣé ẹ rántí pé èmi ṣì wà níbí?"

Ọlárónkẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Síkírù sáré fà á dìde. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Mo ti gbọ́, ó ti tán." Ó wá kọjú sí ọkọ. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Bọ̀dá. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu."

"Máa bínú, Síkírù."

"Màá bínú díẹ̀ ná. Tí inú mi bá rọ̀, èmi ni màá pè yín." Ó ṣíwájú lọ sínú mọ́tò ọlọ́pàá, ó jókòó sí iwájú, ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́.

Ìbídàpọ̀ sọ fún tọkọtaya náà pé bó ṣe rí gan-an lòun máa kọ ọ́. Irọ́ pípa fún ọlọ́pàá kì í ṣe eré, òun kò sì lè ṣèlérí pé ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n máa fún Ọlárónkẹ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ Síkírù kúrò. Bó ṣe ń fi fóònù sápò, ó gbọ́ tí Ọlárónkẹ́ náà ń sọ̀rọ̀ lórí tirẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń pín ṣífìtì fún wọn níbi iṣẹ́.

"Rárá, orí mi ò fọ́ mọ́. Mi ò kàn ní wá lọ́la ni. Àti ọ̀túnla." Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó fọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ń béèrè ìgbà tí mo máa padà."

Adékànmí wo ilé kékeré funfun náà. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sétí.

"Ọkọ ẹ̀ ni," ló wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa padà. Àwa méjèèjì."